Ilé olórogún àti ìlera: ó yẹ kí àwọn ará Warri ní ẹgbẹ́ tiwọn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ìwà ọkọ ni àwọn àgbà ń bá wí nígbà tí wọ́n pa òwe náà. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Warri, ní Ìpínlẹ̀ Delta, mo rí i pé òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àrùn mu ju bí ó ti bá ọ̀rọ̀ ìwà mu lọ. Àìsàn tí ó bá wọ yàrá ìyálé kì í pẹ́ dé yàrá ìyàwó. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó kì í ṣàì dé ọ̀dọ̀ ìyálé, nítorí pé ẹnìkan náà ni ó ń gbé e káàkiri.

Obìnrin kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni òun àti ọkọ rẹ̀. Aṣọ ni ọkọ ń tà, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ òṣómàáló ti ń ṣe kí wọ́n tó fi Warri ṣe ibùgbé. Obìnrin náà wá sí ilé ìwòsàn aládàáni tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà pé ìsàlẹ̀ ikùn ń dun òun, nǹkan sì ń dà lára òun. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó fún un ní oògùn, ara rẹ̀ sì yá. Kò ju oṣù méjì lọ tí ó tún fi padà wá pẹ̀lú àìsàn kan náà. A tún fún un ní oògùn. Nígbà tí ó di ìgbà kẹrin, mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní, "Màmá, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin mélòó ni ẹ wà lọ́dọ̀ Bàbá?"

Ó wojú mi fún ìgbà díẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, àwa mẹ́ta ni. Ìkejì ń gbé ní Effurun, ọmọ Urhobo ni. Ìkẹta kò tí ì pé ọdún kan tí ó dé."

Mo bi í bóyá àwọn yòókù ti gba ìtọ́jú. Ó rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Ta ni yóò sọ fún wọn? Èmi? Kí wọ́n lè sọ pé èmi ni mo kó àrùn wọ ilé?"

Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni a ti tọ́jú obìnrin yìí láì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó ṣe pàtàkì jù lọ. Lórí káàdì tí a fi ń gba orúkọ aláìsàn, àyè wà fún orúkọ ọkọ, ọjọ́ orí àti ẹ̀sìn, kò sí àyè fún orogún. A ń kọ̀wé bí ẹni pé ilé ọlọ́kọ-kan-aya-kan ni gbogbo ènìyàn ti wá, bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a ń kọ ọ́ pàápàá, púpọ̀ nínú wa ilé olórogún ni a bí wa sí.

Àwọn àrùn bí àtọ̀sí àti èyí tí wọ́n ń pè ní chlamydia kì í sábà fi ara hàn lára obìnrin. Ó lè wà lára ìkejì àti ìkẹta fún oṣù púpọ̀ láìsí ìrora rárá. Nítorí náà, bí a bá tọ́jú ẹnìkan tí a fi àwọn yòókù sílẹ̀, ṣe ni a ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ tí ihò rẹ̀ ṣì wà. Ìlànà ìtọ́jú ni pé kí gbogbo ẹni tí ó ti bá ara wọn lò pọ̀ láàárín nǹkan bí ọgọ́ta ọjọ́ gba oògùn, kí wọ́n sì yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ méje lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wọn, títí kan ọkọ. Sífílíìsì tún wà níbẹ̀, èyí tí ó lè pa ọmọ nínú ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni abẹ́rẹ́ pẹnisílínì lásán ni a fi ń wò ó.

Ó gba ọdún kan àti ààbọ̀ kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó jókòó pọ̀ níwájú dókítà. Wọ́n gba ìtọ́jú, àrùn náà sì lọ. Ṣùgbọ́n ìkejì, ẹni tí kò mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe òun, ti ń wá ọmọ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé ọmọ ti dí ní ọ̀tún àti ní òsì.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mọ irú ìlú tí Warri jẹ́. Ìlú epo ni. Urhobo, Itsekiri tí èdè wọn bá tiwa tan, àti Ijaw ni wọ́n ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ìfọpo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1978 ni àwọn ọkùnrin ti ń wá láti Ìbàdàn, Iléṣà, Àkúrẹ́ àti ibi gbogbo wá ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ fi ìyàwó sílẹ̀ nílé, wọ́n sì ní òmíràn ní Warri. Ilé méjì, ìlú méjì, àwọn obìnrin méjì tí kò mọ ara wọn. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ìyàwó tí a san owó orí lé, àwọn kan jẹ́ àlè tí wọ́n ti bí ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí rògbòdìyàn ọdún 1997 títí dé 2003 mú kí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kó kúrò, àwọn ọkùnrin náà bá wọn lọ, àwọn obìnrin Warri sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, nígbà mìíràn pẹ̀lú àìsàn tí wọn kò mọ orísun rẹ̀. Ìyàwó ilé tí ó wà ní Ìbàdàn tí ó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ Warri kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn sí ọ.

Ìwádìí ìjọba nípa iye ènìyàn àti ìlera tí a ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ó wà nílé ọkọ ní Nàìjíríà, nǹkan bí 31 ni ó ní orogún. Òótọ́ ni pé apá àríwá ni èyí ti pọ̀ jù, tí ẹkùn gúúsù-gúúsù sì kéré sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí a kà nìyẹn. Ta ni yóò ka àwọn tí ó wà ní ìkọ̀kọ̀? Nípa ti kòkòrò àrùn HIV, àbájáde ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 2019 sọ pé ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní i láàárín àwọn ẹni ọdún 15 sí 49 ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹkùn gúúsù-gúúsù, níbi tí Warri wà, ni ó ga jù lọ, ìdá 3.1. Ìwádìí kan náà rí àrùn Hepatitis B, tí í ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lára nǹkan bí ìdá 8.1. Ìbálòpọ̀ wà lára ọ̀nà tí ó ń gbà ràn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àgbàlagbà ń gbà á, síbẹ̀ n kò rántí ìyàwó kan tí ó wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi nítorí pé orogún rẹ̀ ní àrùn náà.

Ohun tí mo ń dábàá ni pé kí àwọn tí ń gbé nínú irú ìdílé yìí ní Warri àti Effurun dá ẹgbẹ́ sílẹ̀: ìyálé, ìyàwó, ọkọ, àti àwọn tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí àwọn yóò pe ara wọn. Kí wọ́n máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó bá sún mọ́ wọn, kí nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, kí ilẹ̀kùn sì wà ní títì.

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà òyìnbó ni mo fẹ́ kó wọlé. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òótọ́ ni pé àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní polyamory, èyí ni pé kí ọkùnrin tàbí obìnrin ní ju olólùfẹ́ kan lọ, kí gbogbo wọn mọ̀, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ní ìpàdé. Ní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ ìlú Somerville ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ṣe òfin tí ó gbà kí ènìyàn tí ó ju méjì lọ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alájọgbé, ìlú Cambridge tí ó wà nítòsí rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní ọdún 2021. Àkókò àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ni, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ìlera àti adójútòfò sì wà lára ohun tí ó bí òfin náà. N kò sọ pé tiwọn àti tiwa dọ́gba. Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin nìkan ni àṣà fún ní àyè yìí, ọ̀pọ̀ obìnrin ni a kò sì bi léèrè kí òmíràn tó dé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n ń ṣe tí ó yẹ kí a jí lọ́wọ́ wọn: wọ́n ń sọ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ inú irú ìdílé bẹ́ẹ̀, wọn a béèrè ìgbà tí ó ṣe àyẹ̀wò kẹ́yìn. Nínú ilé olórogún tiwa, a máa ń béèrè ìlú ìyàwó, a máa ń béèrè ẹ̀sìn rẹ̀, a tilẹ̀ máa ń béèrè bóyá wèrè wà ní ìdílé wọn.

Àpẹẹrẹ ti ilé náà wà. Ní ọdún 1998, nígbà tí ẹnu kò lè gba orúkọ àrùn éèdì, àwọn tí ó ní kòkòrò HIV ní orílẹ̀-èdè yìí para pọ̀ dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí NEPWHAN sílẹ̀. Ènìyàn ń pa wọ́n tì, àwọn ilé iṣẹ́ ń lé wọn. Síbẹ̀ wọ́n ń pàdé, wọ́n ń kọ́ ara wọn bí a ti ń lo oògùn, wọ́n sì wà lára àwọn tí ó jà títí òfin ọdún 2014 fi dé, èyí tí ó kà á léèwọ̀ láti fi ìyà jẹ ènìyàn nítorí HIV. Mo mọ àwọn obìnrin ní Warri tí ẹgbẹ́ irú èyí gbà là ju oògùn lọ. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn déédéé, tí kòkòrò náà kò sì hàn mọ́ nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í kó o ran ẹni tí ó bá bá lò pọ̀. Láti ẹnu aláìsàn ẹlẹgbẹ́ wọn ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ gbọ́ èyí tí wọ́n sì gbà á gbọ́, nítorí bí nọ́ọ̀sì bá sọ ọ́, wọn a rò pé ìtùnú lásán ni.

A kò lè sọ̀rọ̀ yìí kí a má dárúkọ Fela Aníkúlápó-Kútì. Ní ọdún 1978 ó gbé obìnrin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n níyàwó ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ó sì kọ̀ wọ́n sílẹ̀ ní ọdún 1986. Ó kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó ti jẹ́ mínísítà fún ètò ìlera rí, ni ó bọ́ síta tí ó sọ fún gbogbo ayé pé éèdì ni ó pa àbúrò òun. Ìgboyà ńlá ni, ó sì la ọ̀pọ̀ ojú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ọ, ọkàn mi kò sí lọ́dọ̀ olórin náà. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni ó lọ. Ta ni ó lọ bá wọn lẹ́nu ọ̀nà?

Ṣé ilé olórogún fúnra rẹ̀ ni ó ń tan àrùn kálẹ̀? Bí mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ méjì, Georges Reniers àti Susan Watkins, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ adúláwọ̀, wọ́n sì rí i pé ibi tí ìkóbìnrinjọ ti wọ́pọ̀, HIV kéré sí ti ibi tí kò ti wọ́pọ̀. Lára àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ìdílé bẹ́ẹ̀ dà bí agboolé tí ó ní odi: bí kò bá sí ẹni tí ó jáde, àrùn ìta kì í rí ọ̀nà wọlé. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ pé àwọn obìnrin tí ó ti ní kòkòrò náà tẹ́lẹ̀ máa ń wọ ilé olórogún ju àwọn mìíràn lọ. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Opó tàbí ẹni tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀, tí ó ń wá ibi forí pamọ́ sí, ilé ọlọ́pọ̀ aya ni yóò gbà á. Odi náà dára nígbà tí gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ bá mọ ipò ara wọn. Bí wọn kò bá mọ̀, odi náà ni yóò há wọn mọ́ inú ilé pẹ̀lú àrùn.

Èyí tí ó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ọmọ. Nínú ilé olórogún, obìnrin tí kò bá bímọ ni a ń fi ṣẹ̀sín, a ó sì fẹ́ òmíràn lé e lórí. Ọkùnrin ní ọwọ́ nínú nǹkan bí ìdajì gbogbo ọ̀ràn àìrọ́mọbí. Àyẹ̀wò àtọ̀ kò sì nira: kí ọkùnrin yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ méjì sí méje, kí ó gbé àtọ̀ rẹ̀ wá sí yàrá àyẹ̀wò, ó tán. Síbẹ̀ mo ti rí ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó mẹ́ta nítorí ọmọ, tí kò jẹ́ ṣe àyẹ̀wò yìí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ìwé Lọlá Shónẹ́yìn nípa àwọn ìyàwó Bàbá Ségi jáde ní ọdún 2010, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín sí bí àwọn ìyàwó ti ń bímọ fún ọkọ tí kò lè bí. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí ó bá ń wá oyún lọ síta ní ìkọ̀kọ̀ ń já odi tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ìtìjú ọkọ ni ó sì lé e jáde. Bí àwọn ọkọ bá lè jókòó nínú ẹgbẹ́ kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ọkọ mìíràn pé, "Èmi náà ṣe é, n kò kú," ìyẹn nìkan ì bá tó ìdí tí ẹgbẹ́ náà fi gbọ́dọ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ ìyàwó kan ṣoṣo àti ọmọ mẹ́rin tí kò tí ì pé ọdún 18. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ fi òmíràn kún un, yóò san owó sí i. Orúkọ ta ni yóò wọ ìwé? Nígbà mìíràn ìyálé ni, nígbà mìíràn ẹni tí ọkọ fẹ́ràn jù ni. Òfin ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Delta sì ti ní àjọ tirẹ̀ láti ọdún 2016, níbi tí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ti lè forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Mélòó nínú àwọn ìyàwó kejì ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹgbẹ́ lè sọ ọ́ fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ kan.

Àwọn àlùfáà kan ti bá mi jà lórí àbá yìí. Wọ́n ní mo ń gbé ìkóbìnrinjọ lárugẹ. Rárá o. Èmi fúnra mi, ọmọ ìyàwó kẹta ni mo jẹ́, mo sì mọ ohun tí ìyá mi fi ojú rí. Bí ọmọbìnrin mi bá fẹ́ wọ ilé olórogún lónìí, ń ó sọkún. Ṣùgbọ́n ìpẹ̀kun ìgbéyàwó olórogún kò sí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, àwọn tí ó ti wà nínú rẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ wa. Ẹrù òfin tún wà: ẹni tí ó bá ti ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù tí ó sì fẹ́ òmíràn lé e, abala 370 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ní kí a rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje. A kì í sábà rí ẹni tí wọ́n rán lọ, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù náà tó láti mú kí ènìyàn purọ́ fún dókítà. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ náà kò fi gbọ́dọ̀ béèrè ìwé ìgbéyàwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí kò sì gbọdọ̀ kọ orúkọ sílẹ̀ bí ẹnìkan kò bá fẹ́. Obìnrin tí ó bá sì wá láti sọ pé òun fẹ́ kúrò nínú ilé náà, kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ bákan náà láì dá a lẹ́jọ́.

Owú jíjẹ ńkọ́? Yóò wà. Mo ti rí orogún méjì tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n sì ń gbé abẹ́ òrùlé kan. N kò retí pé wọn yóò wá di ọ̀rẹ́ nínú ìpàdé. Kì í ṣe dandan kí orogún méjì láti ilé kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìyálé láti ilé yìí lè jókòó ti ìyálé láti ilé kejì, kí ìyàwó náà wá ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tí kò rí oorun sùn ní alẹ́ tí ọkọ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀, tí oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀, tí ó ń ronú ikú, ó nílò ẹni tí ó mọ bí alẹ́ náà ti gùn tó kí ó tó nílò oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀.

Àwọn ará Warri máa ń sọ pé àwọn kì í gbẹ́yìn nínú ohunkóhun. Ènìyàn mẹ́fà péré tó láti bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn aláṣẹ ìlera bá sì rò pé ẹgbẹ́ pọ̀ jù fún wọn, ohun tí ó kéré jù ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n fi ìlà kan kún káàdì aláìsàn, lábẹ́ orúkọ ọkọ, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní èdè tí gbogbo ènìyàn gbọ́, "Ẹ̀yin mélòó ni?" Kí nọ́ọ̀sì tí yóò béèrè rẹ̀ sì ti ilẹ̀kùn kí ó tó béèrè.